Ìwé Àṣẹ Kan, Ife-Ẹ̀yẹ Mẹ́ta

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù kejì 1999

Ọyẹ́ kò tíì fẹ́ lọ. Mo dé bùróò ìwé àṣẹ ní aago méje ààbọ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá tó ń tẹ òǹtẹ̀ wo ìwé méjì tí mo gbé síwájú rẹ̀, ti bọ́ọ̀lù Iléyá àti ti bọ́ọ̀lù Àjíǹde. Ó mú ọ̀kan, kò tilẹ̀ wo èwo ni, ó tì í padà sí mi.

"Madame, ẹgbẹ́ àwọn àjèjì, ìwé àṣẹ kan ṣoṣo lọ́dún yìí. Ìjà ọdún tó kọjá ti tó wa."

Mo ní kì í ṣe àjèjì ló jà, àwọn ọmọ collège ni. Ó ní ta ló pè wọ́n jọ? Àwa la pè wọ́n jọ.

Ìjà náà ṣojú mi. Collège àdúgbò Dar-es-Salam gba ife Iléyá, Collège Ìjọ gba ife Àjíǹde, àwọn méjèèjì sì gbé ife wọn yí ọjà ká lọ́jọ́ kan náà, kálukú ń pariwo pé òun ni àkọ́kọ́ nínú gbogbo collège Bouaké. Orí mẹ́ta ló fọ́. Ìbéèrè kan péré ló fà á: ta ni àkọ́kọ́? Ọdún mẹ́tàlélógún rèé, kò sẹ́ni tó ṣètò bí a ó ṣe máa dáhùn rẹ̀.

Ìwé kan. Ta ni yóò fi tirẹ̀ sílẹ̀? Ṣé Àlájì Oṣùọlálé tó dá ti Iléyá sílẹ̀ ni, àbí Màmá Joséphine tó ń ṣe ti Àjíǹde? Bọ́ọ̀lù Kérésì ti ìlú Botro fo ọdún kan péré nígbà tí wọ́n já owó wálẹ̀. Ta ló tún gbúròó rẹ̀? Èyí tó bá sùn lọ́dún yìí kò ní jí mọ́. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ ni wọn yóò sì rán lọ sọ fún ẹni tí tirẹ̀ kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Mo ti rí i. Ibi tí mo ti ń to abọ́ ike síta ṣọ́ọ̀bù ló ti sọ sí mi lọ́kàn.

Bí ìwé bá jẹ́ kan, ìdíje náà yóò jẹ́ kan. Ọjọ́ kejì Iléyá, Ahougnansou, àdúgbò tiwa, yóò gbá pẹ̀lú Dar-es-Salam bí wọ́n ti ń ṣe. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, Collège Ìjọ yóò gbá pẹ̀lú collège ìlú Brobo bí wọ́n ti ń ṣe. Ẹni tó bá borí ní Iléyá àti ẹni tó bá borí ní Àjíǹde yóò wá pàdé ní 11 oṣù kẹrin. Ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́tà kan, àkọ́kọ́ kan. Kò sẹ́ni tí ilé rẹ̀ yóò dà wó.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo padà sí bùróò. Ọ̀gá olóǹtẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n àwọn tó ni bọ́ọ̀lù méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, káàdì ilé ìwé àti ìwé ọjọ́ìbí gbogbo agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ní 12 oṣù kẹta, ó pẹ́ tán. Ó mú bírò, ó fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí orí lẹ́tà mi: compétition éliminatoire, un seul vainqueur. Ìyẹn ni pé ẹnìkan ṣoṣo ni yóò borí.

Oṣù kan. Ó tó.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Mo dúró de Màmá Joséphine lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ṣe ìsìn títí aago kan fi lù. Mo fi àtòjọ ọjọ́ náà hàn wọ́n. Wọ́n gbé awò wọn wọ̀, wọ́n fi ìka sí ọ̀rọ̀ kan.

"Sàúdátù, kí ni wọ́n ń pè ní demi?"

"Demi-finale, Mà. Ìyẹn ni pé ó ku ìdajì kó parí."

"Ìdajì? Bọ́ọ̀lù Àjíǹde tèmi ni ìdajì?"

"Mà, bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn ní gbogbo ayé."

"Gbogbo ayé kọ́ ló ń se ìrẹsì fún igba ènìyàn lọ́jọ́ náà. Èmi ni. Jésù ò jí ní ìdajì, ọmọ mi."

Mo yọ demi-finale kúrò lójú ẹsẹ̀. Mo kọ "Bọ́ọ̀lù Àjíǹde" sí i, gbòòrò. Wọ́n fọwọ́ sí i lórí bíbélì wọn, wọ́n ní kí n kí ìyá mi. Iṣẹ́jú mẹ́rin. Ká ní gbogbo àgbà rí báyìí!

Ọjọ́bọ̀, 18

Botro kọ̀wé pé kí ló dé tí a ò pe àwọn. Mo dá wọn lóhùn pé ọjọ́ kò sí mọ́. Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Ó bàjẹ́.

Àwọn àgbà pé sí ilé Àlájì Oṣùọlálé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, bí ogún ènìyàn. Mo ti tú lẹ́tà náà sí Yorùbá kó má bàa sí ẹni tó máa ní òun ò gbọ́ Faransé. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibi éliminatoire, mo kà á bí mo ti kọ ọ́: "ìdíje ìyọkúrò."

Àlájì gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kì í pariwo. "Ìdíje kí ni?"

"Ìyọkúrò, Bàbá."

"Ta ni wọ́n fẹ́ yọ kúrò?"

Mo ní ẹni tí wọ́n bá borí ni. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní, "Àwa ni. Àwa kan náà ni wọ́n fẹ́ yọ kúrò ní ibi gbogbo." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dáa. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù là ń sọ.

Àlájì dìde. "Sàúdátù, mo dá bọ́ọ̀lù yìí sílẹ̀ kí àwọn èèyàn lè dúró. Kì í ṣe láti yọ ẹnikẹ́ni kúrò. Mi ò ní fọwọ́ mi sí ìyọkúrò. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Wọ́n lọ jẹun. Èmi kò jẹ.

Ọjọ́ Ajé, 22

Inú ń bí mi. Nítorí ọ̀rọ̀ kan! Ìwé atúmọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí Àlájì kò bá fọwọ́ sí i, ti Àjíǹde nìkan ni ìwé yóò wà fún. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn pa á.

Ọjọ́bọ̀, 25

Mo nílò ìwé ọjọ́ìbí Najeem, kápíténì Ahougnansou, kí n lè fi sí àwọn tó kù. Ó ti ṣe adéhùn aago mẹ́wàá. Aago méjì ló dé, eruku ní gbogbo ara.

Àwọn ọlọ́pàá dá gbákà, ọkọ̀ èrò tí wọ́n wọ̀, dúró lọ́nà Brobo. Wọ́n béèrè káàdì lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Ó fi káàdì ilé ìwé hàn wọ́n, wọ́n ka orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n ní kó bọ́ sílẹ̀, kó dúró lápá kan. Wákàtí mẹ́ta nínú oòrùn.

"Mo sọ fún wọn pé Bouaké ni wọ́n bí mi sí, Tantie. Èyí tó kéré jù nínú wọn ní, 'Ìbí kọ́ ni ìlú.' Mo ní iléèwòsàn wo ni wọ́n bí ìwọ fúnra rẹ sí? A bi ara wa títí, ibì kan náà ni! Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n máa lọ."

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni sọ àwàdà. Ó kó ìwé ọjọ́ìbí náà fún mi, ó mu omi ife mẹ́ta. Kí ó tó lọ, ó ní: "Gbákà náà kún. Èmi nìkan ni wọ́n yọ kúrò."

Ó ti jáde tán kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó lò.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò tilẹ̀ gbé ojú sókè. "Ìwọ tí wọ́n kọ́ ní ìṣirò. Nígbà tí o yege ìdánwò, tí wọ́n fà ọ́ lọ sí Abidjan, ṣé mo jáde síta pé wọ́n ti yọ ọgọ́rin ọmọ kúrò?"

"Rárá."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní mo gòkè."

"Ẹ̀n-hẹ́n. Bá mi gbé ìkòkò yẹn."

Jímọ̀, 26

Mo gbá Àlájì mú lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, bàtà wọn ṣì wà lọ́wọ́. Mo ní Bàbá, mo ti tún un kọ. Ìdíje Ìgòkè. A kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò, ẹnìkan ló gòkè. Àwọn tó kù wà níbi tí wọ́n wà.

Wọ́n wọ bàtà ọ̀tún. Wọ́n wọ ti òsì. Mo fẹ́ kígbe.

"Ìgòkè," ni wọ́n wí. "Ìyẹn ṣe é gbọ́." Mo na bírò sí wọn. Wọ́n ní, "Fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀mì ńkọ́? Wá sílé lọ́jọ́rú."

Ọjọ́rú! Ọjọ́ márùn-ún nítorí ọ̀rọ̀ kan tí a lè sọ níbẹ̀ nínú eruku.

Ọjọ́rú, 3 oṣù kẹta

Àlájì gbé ife Iléyá jáde látinú àpótí. Mi ò tíì súnmọ́ ọn tó báyìí rí. Etí méjì ló ní, ọ̀kan ti dán ju ìkejì lọ.

"Ìgbà mélòó ni o rò pé a ti gbá ọ̀mì?"

Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún.

"Mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́tàlélógún."

Mo ní kò ṣeé ṣe. Ìṣirò kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìṣirò kọ́ ló ń gbá a.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọdún 1976, àwa àti àwọn ará Dar-es-Salam jà lórí ìlà ìsọ̀ kan lọ́jà, ìjà oṣù mẹ́rin. Iléyá dé, Àlájì ra àgbò kan ṣoṣo, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ìhà méjèèjì gbá bọ́ọ̀lù fún un. Wọ́n gbá ọ̀mì. Kí ni wọn ó ṣe? Wọ́n la àgbò sí méjì láti orí dé ìrù. Ife gbé ní Dar-es-Salam oṣù mẹ́fà, ó gbé ní Ahougnansou oṣù mẹ́fà. Ìjà tán. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ṣòfin kankan, ṣùgbọ́n ọdún tí ọjà bá gbóná, ọ̀mì ni wọ́n máa ń gbá.

"Ìyẹn ni pé wọ́n ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é, Bàbá?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi ní wọ́n ń gbá ọ̀mì. Sàúdátù, lọ́dún tó rí báyìí, o fẹ́ kí àwa Anago àti àwọn Dioula Dar-es-Salam gbá pẹnáritì lójú ẹgbẹ̀rún ènìyàn? Kí ìhà kan máa fò, kí ìkejì máa sunkún, lọ́jọ́ Iléyá?"

Mo ní lẹ́tà sọ pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ borí. Wọ́n ní kí lẹ́tà náà wá gbá a.

Wọ́n fún mi ní obì, wọ́n sì fi ife padà sínú àpótí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Orí ń fọ́ mi. Ooru. Iná lọ láti àárọ̀. Kò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ.

Ní Abidjan wọ́n kọ́ wa pé bí oníbàárà méjì bá ń fẹ́ ohun tó yàtọ̀ lórí ọjà kan, má bá wọn jà, wo bóyá ọjà méjì ni.

Ọjọ́ méjì.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo kan ilẹ̀kùn Àlájì. Mo ní: Bàbá, ọ̀mì yín wà bó ti wà. Lọ́jọ́ Iléyá, bí wọ́n bá gbá ọ̀mì, ọ̀mì náà ni. Ẹ la àgbò, ẹ pín ife, kí gbogbo èèyàn lọ sílé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago méje, ẹgbẹ́ méjèèjì yóò pàdé lórí pápá ilé ìwé. Kò ní sí òǹwòran, kò ní sí ife, kò ní sí àgbò. Pẹnáritì márùn-ún márùn-ún. Ẹni tó bá gbà á ló máa lọ pàdé ẹni tó borí ní Àjíǹde. Kò kan Iléyá. Iléyá ti parí.

Wọ́n bu omi sójú.

"Èyí tó jẹ́ ti Iléyá, ti Iléyá. Èyí tó jẹ́ ti ìgòkè, ti ìgòkè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ fọwọ́ sí i."

Wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní àwọn kò rí i rí kí ẹnikẹ́ni gba ìfọwọ́sí lọ́wọ́ Àlájì kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Mo lọ sí Brobo fún ìwé àwọn ọmọ Étienne. Òjò àkọ́rọ̀ pa wá lọ́nà, ọkọ̀ rì sẹ́rẹ̀, gbogbo wa bọ́ sílẹ̀ tì í. Étienne ni olùkọ́ eré ìdárayá níbẹ̀, ẹ̀yà Baoulé ni, ọmọ Brobo gan-an. Ó ti kó gbogbo ìwé sínú fáìlì kan, létòlétò bí a ti kọ orúkọ wọn. Ọkùnrin tó mọ iṣẹ́.

Nígbà tí mo ṣàlàyé pẹnáritì àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró, ó ń wò mí. "Ma sœur, pẹnáritì láìsí òǹwòran? A ò rí irú rẹ̀ rí."

"O máa rí i."

"Àwa ńkọ́, bí tiwa bá di ọ̀mì?"

"Lọ bi Màmá Joséphine."

"Ẹ̀rù Màmá Joséphine ń bà mí."

"Ẹ yáa borí nígbà náà."

Jímọ̀, 12

Ìwé pé. Ìfọwọ́sí méjì, ìwé ọjọ́ìbí ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ọ̀gá olóǹtẹ̀ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ti Najeem sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Bouaké ni wọ́n bí i sí?" Mo ní ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ síbẹ̀ nìyẹn. Ó wò mí, ó wo òǹtẹ̀ rẹ̀ lára ìwé náà. Ó tẹ̀ ẹ́.

Gbaa. Ìró tó dùn jù lọ ní Bouaké.

Ọjọ́rú, 17

Àgbò tó jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlógójì lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ti di ọgọ́ta. Àlájì ní kékeré kọ́ ni àwọn yóò rà o. Mo ní ẹ rà á kó gùn. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo ní kó lè ṣeé là sí méjì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo mú Àlájì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù kẹta

Bọ́ọ̀lù Iléyá.

Oòrùn, kò sí òjò. Èèyàn pọ̀ ju ọdún tó kọjá lọ. Nígbà tí Ahougnansou jáde, àwọn géńdé bíi mẹ́wàá kan wà lẹ́yìn góòlù, mi ò rí ojú wọn rí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé "Anago, ẹ máa lọ ilé yín!" Mo wo Àlájì; wọ́n ń wo ọwọ́ wọn.

Lacina ló dá sí i, olùkọ́ Dar-es-Salam, ọ̀tá wa lórí pápá láti ọjọ́ aláyé. Ó ní kí rẹfirí mú bọ́ọ̀lù dání. Ó rìn lọ bá wọn, kò sáré. Ó fi Dioula bá wọn sọ̀rọ̀, gbogbo wa gbọ́: "Bí àwọn bá lọ, ta ni àwọn ọmọ mi máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú? Ẹ̀yin? Pẹ̀lú ikùn yín yìí?" Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Ó padà wá jókòó.

Dar-es-Salam gbá ọ̀kan wọlé ní ìṣẹ́jú kejìlélógún. Najeem dá a padà lẹ́yìn ìsinmi, pẹ̀lú orí. Ọ̀kan sí ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni mo wá rí ohun tí Àlájì ń sọ. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń ta ara wọn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kò súnmọ́ góòlù ẹnikẹ́ni mọ́. Bọ́ọ̀lù já lu ẹsẹ̀ Najeem, góòlù ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀, aṣọ́lé ti ṣubú. Ó gbá a padà sẹ́yìn.

Mo fò dìde, mo fẹ́ bú u. Ìyá mi fa ìró mi: "Jókòó. Ṣé o ò rí wọn ni?" Mo wo ẹ̀yìn góòlù. Àwọn géńdé yẹn ti dákẹ́, wọ́n ti jókòó sínú àwọn èèyàn wa, wọ́n ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa la àgbò.

Ọ̀mì. Ìkẹtàdínlógún.

Kápíténì méjèèjì di etí ife mú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àgbò náà gùn dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30

Aago méje. Pápá ilé ìwé, ìrì ṣì wà lórí koríko. Ẹgbẹ́ méjèèjì, Lacina, rẹfirí, èmi. Àlájì dé nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní Bàbá, a ní kò sí òǹwòran. Wọ́n ní àwọn ò wá wòran. Wọ́n gbé àga wọn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí pápá, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà.

Ìró ẹsẹ̀ àti bọ́ọ̀lù nìkan la ń gbọ́. Mẹ́rin sí mẹ́ta, Najeem ló kù. Ó gbá a lu òpó.

Kò sẹ́ni tó fò. Kò sẹ́ni tó sunkún. Aṣọ́lé Dar-es-Salam lọ bá a, ó ní, "Ó yẹ kí o ti gbá ti àná wọlé." Najeem ní, "Ti àná kọ́ ni ti òní." Wọ́n jọ lọ jẹ búrẹ́dì ní ilé Lacina.

Àlájì bi mí láìyíjú: "Ó ti parí?"

"Ó ti parí, Bàbá. Dar-es-Salam gòkè."

"Àwa ńkọ́?"

"A wà níbi tí a wà."

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n gbé àga wọn fún mi kí n bá wọn gbé e. Ó dùn mí pé a pàdánù. Mi ò purọ́.

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kẹrin

Bọ́ọ̀lù Àjíǹde. Brobo méjì, Collège Ìjọ òdo. Màmá Joséphine gbé ife fún Étienne, wọ́n di etí kan mú títí, ó tó ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. "Brobo, ẹ tọ́jú rẹ̀ o. Mò ń bọ̀ wá gbà á lọ́dún tó ń bọ̀." Ìrẹsì kárí gbogbo èèyàn. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìdajì ohunkóhun.

Ọjọ́ Àìkú, 11

Ìgòkè.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́. Wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń dìde, a kò mọ ẹni tó wọ aṣọ pupa àti ẹni tó wọ funfun mọ́. Ní ìṣẹ́jú kejìdínláàádọ́rin, bọ́ọ̀lù dúró sínú ẹrẹ̀ níwájú góòlù Dar-es-Salam, ọmọ Brobo kan tó tín-ín-rín bí igi iṣu ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ọ̀kan sí òdo. Ibẹ̀ ló parí sí.

Étienne jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń sunkún. Brobo! Collège oníkíláàsì mẹ́fà tí a kò pè sí Iléyá rí!

Àwọn ọmọ Brobo gbé ife Ìgòkè yí ọjà ká ní ìrọ̀lẹ́. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn Dar-es-Salam ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, wọ́n ń bá wọn jó. Orí kankan kò fọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Mo rò pé ọjà yóò máa sọ̀rọ̀ nípa Brobo. Rárá. Láti àárọ̀, gbogbo ẹni tó dúró ra abọ́ ló ń bi mí pé ṣé ó yẹ kí Najeem gbá góòlù ọjọ́ Iléyá yẹn wọlé. Ìyá oníṣu kan àti alápatà fẹ́ẹ̀ jà lórí rẹ̀. Ọ̀mì ni wọ́n rántí.

Ọjọ́bọ̀, 15

Lẹ́tà méjì. Brobo ní àwọn náà fẹ́ ní bọ́ọ̀lù tiwọn, lọ́jọ́ tí iṣu titun bá jáde, ìlú yóò pèsè iṣu, ẹni tó bá borí yóò wọ ìgòkè. Botro ní àwọn ti ṣe tán láti jí bọ́ọ̀lù Kérésì, ṣé ọjọ́ ti wà báyìí?

Èmi tí mo rò pé mò ń dín wọn kù. Mo ti pín ọdún tó ń bọ̀ sórí páálí kan. Ọjọ́ wà.

Ọjọ́ Ajé, 19

Mo tètè lọ kọ ti ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó yí òfin padà. Ìyàlẹ́nu: aago mẹ́jọ, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọ̀gá olóǹtẹ̀ ní òun wá sí bọ́ọ̀lù Iléyá, òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná, ìyàwó òun rí ẹran jẹ. Mi ò rí i níbẹ̀.

Ó fa fọ́ọ̀mù yọ, ó ń bi mí, ó ń kọ ọ́. Ìpàdé mélòó? Márùn-ún. Lábẹ́ ìwé kan? Ìwé kan. Irú ìdíje wo? Ó ti kọ é àti l kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Kì í ṣe éliminatoire."

"Kí ni kí n wá kọ?"

"Ìgòkè."

Ó ní kí n tún un wí. Mo tún un wí. Ó ní kí ni ìyẹn ní Faransé. Mo wá a, mi ò rí i. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fa igi lé é àti l, ó kọ IGOKE lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà.

"Ọ̀rọ̀ ìlú wo nìyí, Madame? Ó yẹ kí n kọ èdè tó jẹ́."

Ìlà ẹ̀yìn mi ti gùn, àwọn èèyàn ń kùn.

"Bouaké," ni mo wí.

Ó kọ ọ́ síbẹ̀. Gbaa.

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí mo fi ṣí ṣọ́ọ̀bù.